Ó Fi Irọ́ Kọ́ Àbúrò Rẹ̀ Ní Àwòrán Yíyà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ǹjẹ́ ẹ ti jowú ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín wẹ̀ rí? Mi ò sọ ti orogún o, mi ò sì sọ ti aládùúgbò tó ra mọ́tò tuntun. Ọmọ ìyá yín ni mò ń wí, èyí tí ẹ pọ̀n, tí ẹ fun ikun nímú rẹ̀. Bí ẹ bá ní rárá, ẹ kú oríire. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i.

Obìnrin tó ni ìtàn yìí ló wá jókòó níwájú mi, tó ní kí n kọ ọ́ síta. Mo bi í bóyá kí n bá a fi ṣúgà díẹ̀ sí ibi tó korò jù. Ó ní, "Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe korò tó."

Ó dáa. Àǹtí Aláwòrán ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀: yàrá kan tó ní fèrèsé ńlá, àga kan fún oníbàárà, àga kan fún òun alára, àti ìgò tí pẹ́ńsù kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bí ẹ bá jókòó síwájú rẹ̀, kí ọkọ̀ yín tó dé, ó ti yà yín tán, tẹ̀yin ti àpá kékeré tó wà lẹ́yìn etí yín. Ẹnu á ya àwọn èèyàn. Wọ́n á ní, "Àǹtí, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Á rẹ́rìn-ín, á fẹ́ èédú kúrò lórí bébà, á ní, "Wọn kì í kọ́ ọ. Wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni. Bí wọn ò bá bí i mọ́ ọ, kí o máa fa ìlà fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlà náà ló máa jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Kékeré ni wọ́n ń pè é nílé, ó sì di onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tán, Kékeré náà ni. Màmá wọn kú nígbà tí Kékeré ò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, òun ló ń bá tíṣà jà nítorí rẹ̀. Kékeré ò mọ ìyá mìíràn.

Fọ́tò Màmá ò sí. Omi wọ inú àpótí tí wọ́n kó wọn sí, nígbà tí wọ́n sì máa ṣí i, gbogbo ojú tó wà ńbẹ̀ ti ṣí kúrò lórí bébà. Ohun tí wọ́n kàn ń sọ fún Kékeré ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Màmá jọra bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí Kékeré ní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé lọ́jọ́ tí Màmá máa lọ, nígbà tí wọ́n ti gbé Kékeré lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, Màmá lajú, wọ́n ní, "Kékeré mi dà? Bá mi fọwọ́ pa á lórí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Kékeré fi ń ṣe ìrọ̀rí láti kékeré. Bí ayé bá le mọ́ ọn, òun ló máa gbórí lé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́ mi ní àwòrán yíyà."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tí o ya ewúrẹ́ nílé ìwé, tí tíṣà ní tábìlì náà dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tó níwo?"

Kékeré náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá. "Màmá ni mo fẹ́ yà. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú wọn, mo sì ti bẹ̀ yín títí pé kí ẹ yà wọ́n fún mi. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kan lẹ máa ń sọ. Bí mo bá mọ̀ ọ́n yà, ẹ̀yin á máa sọ bí imú wọn ṣe rí, bí ẹnu wọn ṣe rí, èmi á máa yà á. Àwa méjèèjì la jọ máa ṣe é."

"Wọn kì í kọ́ ọ, Kékeré."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbìyànjú. Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé."

Àǹtí fún un ní pẹ́ńsù kan, ó ní kó lọ máa ya kẹ́tùlù lójoojúmọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní kẹ́tùlù á lé e padà sídìí irun dídì kó tó pẹ́.

Kẹ́tùlù ò lé e. Èyí tó kọ́kọ́ yà dà bíi bàtà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yà á lẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó tún un yà, ó tún un yà. Nígbà tó yá, kẹ́tùlù bẹ̀rẹ̀ sí í jọ kẹ́tùlù, Kékeré wá kọjú sí yíya ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ẹni tí wọ́n ti ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, níbo ló fẹ́ lọ? Ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan, kò ní mì. Kékeré á fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, á máa yà á. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọkọ Àǹtí ló dá wàhálà sílẹ̀, kò sì mọ̀. Ó tibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí bébà kan lórí tábìlì, ọwọ́ ìyá àgbà kan tí oríkèé ìka rẹ̀ wú, òrùka há sí ọ̀kan nínú wọn.

"Ìyàwó mi, o mà gbìyànjú níbí o. Ọwọ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Èmi kọ́ ni mo yà á."

"Ta wá ni?"

"Kékeré."

Ọkùnrin náà súfèé. "Ìwọ tún ní wọn kì í kọ́ ọ!" Àwàdà ló ń ṣe. Ó ti lọ ń fọwọ́, ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há ìyàwó rẹ̀ lọ́fun bí egungun ẹja.

Ó mú bébà náà lọ sídìí fèrèsé, ó ń wá àléébù. Ó rí i. Ìka kan gùn jù, òjìji ibì kan dúdú jù. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dé orí àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò yẹn wúwo lórí itan gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó wúwo, ó rẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rẹ àgbàlagbà. Ó wò ó títí, kò rí àléébù kankan. Owú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ obìnrin náà, owú tó gbóná, tó ń ta á nínú bí ata.

Ẹ ò ní mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ àfi tí mo bá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ fún yín. Wọn ò bí àwòrán mọ́ Àǹtí Aláwòrán. Wọ́n kọ́ ọ ni.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré lóde, òun ń sunkún. Màmá wọn, aránṣọ ni. Wọ́n máa ń ya aṣọ sórí bébà fún oníbàárà kí wọ́n tó gé e. Wọ́n kó bébà àti pẹ́ńsù síwájú ọmọ, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó tì í, tí wọ́n ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ ya ojú èèyàn, tí ojú náà ń lọ sókè jù, Màmá bọ́ tépù lọ́rùn, wọ́n fi wọn orí ọmọ wọn.

"Wò ó. Láti àtàrí dé ojú, láti ojú dé àgbọ̀n, ọgbọọgba ni. Ojú wà láàárín orí. Gbogbo ayé rò pé òkè ló wà."

Nígbà tí ẹsẹ̀ máa san, ọmọ ti ya àwòrán tó lè kún àpò. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń rí i lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ wá rí àwòrán, wọ́n kígbe pé, "Àmútọ̀runwá nìyí!" Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n wo ojú ọmọ wọn bó ṣe ń tàn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹnu dákẹ́. Lẹ́yìn tí Màmá kú, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ọmọ náà wá sọ ìgbóríyìn yẹn di òtítọ́ fún ara rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, òun àti Màmá nìkan ló ni ín. Kò fẹ́ pín in fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ tí Màmá fi sílẹ̀ fún un.

Kò pẹ́ sí ọjọ́ tí ọkọ Àǹtí rí ọwọ́ ìyá àgbà yẹn ni Kékeré dé, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ti ń gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ojú èèyàn. Níbo ni kí n máa fi ojú sí lára orí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìdáhùn náà ti dé orí ahọ́n obìnrin yìí. Ó sọ fún mi pé òun ń gbọ́ ohùn Màmá tó ń sọ ọ́ létí òun. Àárín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó wo Kékeré, ó wo ọwọ́ tó ya àtàǹpàkò yẹn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó fa orí kan sórí bébà, bí ẹyin. Ó fa ìlà sókè, ó ga ju àárín lọ dáadáa.

"Pín orí sọ́nà mẹ́ta. Ibi tí ìdá kan parí sí látòkè, ibẹ̀ lojú wà. Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ọ́ jẹ."

Ẹ gbọ́ ẹnu! Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ọ́ jẹ.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Kékeré wí. Ó ká bébà náà, ó fi sínú àpò bí ẹni tí wọ́n fún lógún.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwòrán Kékeré ti di ohun ẹ̀rín. Imú dára, ẹnu dára, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣí ọmọrí rẹ̀. Iwájú orí ò sí. Àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á ní, "Kékeré, ṣé irun mi lo gé kúrò ni àbí ọpọlọ mi?"

Ó gbé wọn wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mi ò mọ ibi tí mo ti ń ṣì í. Imú wọn jọ wọ́n, ẹnu wọn jọ wọ́n. Kí ló wá dé tí wọn ò jọ èèyàn?"

Àǹtí mi orí, ó káàánú rẹ̀ lójú ayé. "Mo ti sọ fún ẹ látilẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Wọn ò bí i mọ́ ẹ ni." Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde.

Ó rò pé yóò sinmi. Ṣùgbọ́n Kékeré ò jáwọ́. Ó padà lọ ń yà, ó sì ń fi ìṣọ́ra fa ìlà náà sí ibi tí wọ́n ní kó fà á sí. Bó ṣe ń tẹra mọ́ ọn ni àṣìṣe náà ń gún régé sí i.

Lọ́jọ́ mìíràn ló tún dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo ń fi ìyarun onírù, èyí tí ìdí ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù yẹn, la irun ẹnìkan, mo bá nà án síwájú dígí, mo fi wọn orí ẹ̀. Ó jọ pé àárín gan-an lojú wà."

Pẹ́ńsù dúró lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àyè ìrònúpìwàdà nìyẹn o, Ọlọ́run fi síwájú rẹ̀ gbayawu. Ó lè rẹ́rìn-ín, kó ní, "Áà, èmi ni mo ṣì í sọ," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

"Dígí ni," ló wí. "Dígí máa ń fa nǹkan sílẹ̀. Ṣé dígí ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo ṣì í wọ̀n," ni Kékeré dáhùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. "Ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tó máa ṣì mí lọ́nà."

Àǹtí ní òun ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo bi í bóyá ó wá lọ sọ òótọ́. Ó ní rárá. Owú ò jẹ́.

Ilé ìkàwé kan wà ní òdìkejì ibùdókọ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ fẹ́ dá kíláàsì sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwòrán. Ó ní kí Àǹtí wá bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí bóyá gbogbo èèyàn ló lè kọ́ ọ. Lọ́kàn tirẹ̀, Àǹtí á fún wọn níṣìírí, bóyá á tiẹ̀ gbà láti máa kọ́ wọn.

Kò mọ ẹni tó pè. Ṣé Àǹtí á wá fọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí pé ohun kíkọ́ ni? Ó ronú títí ohun tó máa fi pa ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mọ́. Ìdí àwòrán Kékeré tó wà nílé rẹ̀ ló lọ. Ó ṣa àwọn tó burú jù, ó kó wọn sínú báàgì. Kò sọ fún Kékeré. Kò tiẹ̀ sọ fún un pé wọ́n pe òun síbì kankan.

Ṣùgbọ́n ta ló ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí? Oníbàárà kan lábẹ́ ẹ̀rọ ló ní, "Kékeré, ṣé o ò ní lọ pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ ní ilé ìkàwé lónìí ni?" Kékeré tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní kíá, ó sáré lọ. Inú rẹ̀ ń dùn.

Nígbà tó máa wọlé, gbogbo àga ti kún. Ó dúró sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tí wọ́n to ìwé sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú, ó wọ aṣọ tó dára, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sórí pèpéle.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní tàn yín. Ẹni tí wọn ò bí i mọ́, kó má fi àkókò ẹ̀ ṣòfò. Ẹ wo èyí." Ó yọ bébà kan, ó gbé e sókè. "Ẹni tó ya èyí ti ń yà á lójoojúmọ́, ó ti pẹ́. Kò sinmi. Ibi tó dé nìyí."

Ẹ̀rín sọ. Ó yọ òmíràn. Ẹnìkan kígbe pé, "Ta ló jí àtàrí ọkùnrin yẹn?" Gbogbo ilé ìkàwé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Kékeré mọ àwòrán náà. Ó mọ oníbàárà tó yà, ó mọ ọ̀sán tó yà á.

Bàbá kan wà níwájú tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó nawọ́. "Àǹtí, a ti gbọ́. Bí àwa ò bá tiẹ̀ lè kọ́ ọ, ẹ ya ojú kan fún wa ká fi wòran."

Kò sí ohun tí Àǹtí fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ó yí padà sí pátákó ìkọ̀wé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fa orí, bí ẹyin, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu ya wọn. Ọwọ́ rẹ̀ tún padà lọ, kò sì dúró bi í léèrè, ó fa ìlà gbọọrọ kọjá ní àárín orí náà gan-an. Ẹnu ló mọ irọ́ í pa. Ọwọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Ṣọ́ọ̀kì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ fa ìlà yẹn sáàárín?"

Àǹtí ò yíjú padà. Ó sọ fún mi pé òun ń wo ìlà náà, òun ń wo ọwọ́ òun, ilẹ̀ kọ̀, kò lanu.

Bàbá awakọ̀ ló fẹ́ gbà á sílẹ̀. "Ìlà ojú nìyẹn, ọmọ mi. Níbo lo tún fẹ́ kí ojú wà?"

Kékeré rìn wá síwájú. Wọ́n yàgò fún un. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó fa ìlà mìíràn sókè, níbi tí ìdá kan nínú mẹ́ta parí sí.

"Ibí lẹ ní kí n máa fi í sí." Ó kọjú sí àwọn èèyàn. "Èmi ni mo ya àwọn tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi ni mo yà. Mo sọ fún wọn pé mo wọ̀n ọ́n, pé àárín ló wà. Wọ́n ní dígí ló ń pa irọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá awakọ̀ wo orí tó wà lára pátákó, ó wo Àǹtí. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Èyí, àgbà ló fọwọ́ ara ẹ̀ wọ́ ọ."

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Lójú gbogbo wọn ni Kékeré ti ṣa àwòrán rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó, ó fi mọ́ àyà, ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, Kékeré ò gba ọ̀nà ibùdókọ̀ mọ́. Àǹtí ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé gbogbo ẹni tó bá kọjá. Àwọn tó gbọ́ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ọ́. Èyí tó dùn ún jù ni pé owú náà ò tíì lọ. Ó ṣì ń rí àtàǹpàkò yẹn nígbà tó bá dijú.

Ọkọ rẹ̀ fara dà á títí, ó ní, "Lọ bá a."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Òótọ́. Èyí tó bá ṣì kù lọ́wọ́ ẹ."

Ó lọ. Kékeré ń dirí fún ẹnìkan, ó rí i nínú dígí, ó kí i, "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó sọ gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ tó kán, bébà, ìrọ̀lẹ́, tépù ọrùn Màmá.

Kékeré ń gbá irun nílẹ̀. Ọwọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá ló kọ́ yín?"

"Màmá ló kọ́ mi."

"Ẹ wá sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n bí i mọ́ yín."

"Owú ni, Kékeré. Mi ò ní bò ó. Ìwọ ò ní Màmá tó jókòó tì ọ́, o sì ń mọ̀ ọ́n. Èmi, àwòrán yíyà nìkan ló kù lọ́wọ́ mi tó jẹ́ ti Màmá. Mo rò pé bí o bá mọ̀ ọ́n, mi ò ní nǹkan kan mọ́ tó jẹ́ tèmi."

"Èmi wá ńkọ́? Kí ló wà lọ́wọ́ tèmi?"

Kékeré fi ọwọ̀ ti ògiri. Ó dúró síwájú dígí, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wò ó látinú dígí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ ní Màmá sọ. Pé wọ́n ní Kékeré mi dà, kí ẹ bá wọn fọwọ́ pa mí lórí. Òótọ́ ni, àbí ẹ fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin náà dìde. "Òótọ́ ni! Kékeré, òótọ́ ni! Ó ṣojú mi! Wọ́n sọ ọ́, wọ́n la ojú wọn, wọ́n sọ ọ́!"

Òótọ́ sì ni. Ó fi omijé sọ ọ́ fún mi, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ẹlẹ́rìí? Èèyàn méjì ló wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan ti kú. Èkejì lẹni tó sọ pé dígí ń pa irọ́.

Kékeré wò ó bí ẹni tó ń wọn nǹkan.

"Mo gbọ́," ló wí. Ó mú ọwọ̀ rẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, Kékeré ló ń darí kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní ilé ìkàwé. Bàbá awakọ̀ wà ńbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wà ńbẹ̀, àti oníbàárà tó bi í nípa ọpọlọ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ya kẹ́tùlù tó dà bíi bàtà, gbogbo wọn ló sì ń sàn sí i. Bí wọ́n bá dé orí ojú èèyàn, ohun tí Kékeré máa ń sọ ni pé, "Ojú wà láàárín orí. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ mú pẹ́ńsù yín, ẹ fi wọn ara yín wò."

Àǹtí náà ti yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà. Bí àlejò bá bi í níbo ló ti kọ́ ọ, á ní, "Màmá mi ló kọ́ mi. Ìwọ náà lè kọ́ ọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ má rẹ ara yín sílẹ̀, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni." Wọn kì í gbà á gbọ́.

Ohun tó ní kí n sọ fún yín nìyí, bí ẹ bá ní àbúrò tó ń kọ́ ohun tí ẹ mọ̀: ẹ lè kọ̀ láti kọ́ ọ. Ẹ lè ní ọwọ́ yín dí. Ẹ má ṣáà kọ́ ọ ní irọ́, torí irọ́ kan ṣoṣo tí ẹ bá fún un, yóò padà lọ ba gbogbo òótọ́ tí ẹ ti fún un rí jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kékeré wọ ṣọ́ọ̀bù ibùdókọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà náà. Ó gbé bébà ńlá dání, ó mú ìyarun onírù dání. Ó fi àga oníbàárà han ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó jókòó.

"Gbogbo èèyàn ló ní ẹ jọ Màmá."

Inú Àǹtí dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kó tó jókòó. Ó gbé ojú sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kékeré na ìyarun síwájú, ó dijú kan, ó wọn orí rẹ̀ láti àtàrí dé ojú, láti ojú dé àgbọ̀n. Ó fa ìlà rẹ̀ sáàárín.

"Imú Màmá," ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀, "imú wọn fẹ̀ díẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹnu wọn náà sì..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan," ni Kékeré wí, kò gbé ojú kúrò lórí bébà. "Ẹ ṣáà jókòó. Èmi á fojú ara mi wò ó."